Ìyá Àgbà fún Ìyá Àgbà: Ìtàn Ìdáwó Tó Ti Kánádà Dé Ilẹ̀ Áfíríkà

Ìdáwó kì í ṣe nǹkan tuntun fún wa ní Ẹ̀rìn-Ilé àti gbogbo agbègbè Ọ̀yun. Ohun tí ìjọba kò bá ṣe, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á jókòó lé e lórí, wọ́n á pinnu iye tí olúkúlùkù yóò san, wọ́n á yan akápò, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ní Ọ̀fà tó múlé tì wá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ọ̀fà sílẹ̀ ní 1943. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kumasi àti Tamale lórílẹ̀-èdè Gánà náà ní ẹgbẹ́ ìlú tiwọn níbẹ̀. Wọ́n ń dáwó jọ, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé, títí ìjọba Busia fi ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ ní 1969.

Irú ìdáwó tí a mọ̀ nìyẹn: ọmọ ìlú fún ìlú rẹ̀, ẹbí fún ẹbí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kọjá ẹbí àti ìlú. Ìtàn àwọn ìyá àgbà ní orílẹ̀-èdè Kánádà ni, àwọn tí kò bá wa tan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí, tí wọ́n dìde ní 2006 láti máa dáwó fún àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Áfíríkà tí àrùn éèdì pa ọmọ wọn, tó sì ku ọmọ-ọmọ sí lọ́wọ́. Grandmothers to Grandmothers ni wọ́n pe ètò náà, èyíinì ni Ìyá Àgbà fún Ìyá Àgbà. Mo ń sọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dá a sílẹ̀ jọ ọ̀nà tiwa gan-an, iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe sì jẹ́ èyí tó yẹ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa gbà mọ́ra lákòókò yìí.

Bí ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹfà 1981 ni ìròyìn kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà nípa àìsàn tí a wá mọ̀ sí éèdì. Ní 1986 ni Nàìjíríà kéde pé ó ti wọ ilẹ̀ wa. Kòkòrò HIV tó ń fà á a máa pa àwọn sójà ara, títí àìsàn kékeré tí ara ìbá borí yóò fi di ohun tó ń gbẹ̀mí ènìyàn. Ìbálòpọ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà ràn jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí náà àwọn tí agbára ṣì wà lápá wọn ló ń mú lọ: bàbá tó ń gbéra lọ síbi iṣẹ́, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn tó ń dá kòkòrò náà dúró ti ń gba àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ikú. Iye owó rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo lé ní dọ́là 10,000 lọ́dún. Àgbẹ̀ wo ní abúlé Ùgáńdà tàbí Zambia ló máa rí i san? Ní oṣù kejì 2001, ilé-iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà kéde pé àwọn lè ta irú oògùn náà fún àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ní dọ́là 350 fún ẹnì kan lọ́dún. Gbogbo ayé wá rí i pé oògùn ti wà, owó gọbọi tí wọ́n lé lórí ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Kí oògùn náà tó dé, ikú ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, nígbà tó fi di 2003, ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 12 ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni éèdì ti gba bàbá tàbí ìyá lọ́wọ́ wọn, tàbí àwọn méjèèjì. Ta ló kó wọn mọ́ra? Ìyá àgbà ni. Ní Namibia, South Africa àti Zimbabwe, ó tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ òrukàn tó ń gbé lábẹ́ òrùlé ìyá àgbà. Àwọn bàbá wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Éèdì da ètò yìí rú. Obìnrin tó ń retí kí ọmọ máa bọ́ òun tún padà sídìí aṣọ ìkókó. Ó ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́, ó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá lọ sí ilé ìwòsàn. Lóru, ó ń sunkún ọmọ tó sin. Lówùúrọ̀, ó ń gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Kò sí ìjọba tó kà á sí òṣìṣẹ́, kò sí àjọ tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìṣúná.

Stephen Lewis àti àjọ tó dá sílẹ̀

Àbújá ni ìpè kan ti dún tó mi gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin 2001, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà lálejò níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ éèdì, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn mìíràn tó ń ràn. Wọ́n ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná orílẹ̀-èdè wọn yóò máa lọ sórí ìlera. Kofi Annan, ọmọ Gánà tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, dìde níbẹ̀, ó ní kí ayé máa kó dọ́là bílíọ̀nù 7 sí 10 jọ lọ́dọọdún láti fi bá éèdì jà. Nínú ìpè yẹn ni owó àkànlò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Global Fund ti jáde ní 2002.

Ní ọdún 2001 kan náà ni Annan yan Stephen Lewis, ọmọ Kánádà, gẹ́gẹ́ bí aṣojú rẹ̀ pàtàkì lórí HIV àti éèdì ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lewis ti mọ ilẹ̀ yìí tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó wá sí Accra fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, ó sì lo ju ọdún kan lọ káàkiri Áfíríkà, tó ń kọ́ni, tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú NDP ní ìpínlẹ̀ Ontario láti 1970 sí 1978. Ó ṣojú Kánádà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1984 sí 1988, ó sì ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà UNICEF láti 1995 sí 1999.

Iṣẹ́ aṣojú yìí gbé e wọ abúlé àti ilé ìwòsàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó rí bà á nínú jẹ́, kò sì fi pamọ́. Ó ń sọ ọ́ gbangba níbi gbogbo tí wọ́n bá fún un láyè. Àwọn obìnrin abúlé ló ń ṣe iṣẹ́ tó le jù. Àwọn ló ń bẹ aláìsàn wò nílé, tí wọ́n ń wẹ̀ fún un, tí wọ́n ń bọ́ àwọn ọmọ tí kò ní òbí. Àmọ́ nígbà tí owó ìrànlọ́wọ́ bá gba ọwọ́ ìjọba àti àwọn àjọ ńláńlá kọjá, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní 2003, Lewis àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ilana Landsberg-Lewis, dá Stephen Lewis Foundation sílẹ̀ ní ìlú Toronto. Agbẹjọ́rò ni Ilana, ó sì ti bá ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣiṣẹ́. Òun ló di ọ̀gá àgbà tó ń darí àjọ náà. Ìlànà wọn kò lọ́jú pọ̀. Owó yóò lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà ní àwùjọ. Àwọn ẹgbẹ́ yẹn ni yóò sọ ohun tó jẹ wọ́n lógún jù, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ bó ṣe ń dun òun. Láti ìgbà náà, àjọ yìí ti bá ẹgbẹ́ tó lé ní 300 ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 15, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní ìlà-oòrùn àti ìsàlẹ̀ gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà.

Àwọn ìyá Wakefield

Kí ètò ńlá náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan ti là á sílẹ̀. Wakefield jẹ́ ìlú kékeré lẹ́bàá odò Gatineau, ní ìpínlẹ̀ Quebec. Nọ́ọ̀sì kan láti Alexandra ní Johannesburg, Rose Letwaba, wá bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn nípa àwọn ìyá àgbà tó ń péjọ ní ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ-ọmọ pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́kàn, láìsí owó lọ́wọ́. Màmá Norma Geggie wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn náà, ọ̀rọ̀ yìí sì wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n pe ìwọ̀nba ọ̀rẹ́ wọn jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Wakefield Grannies sílẹ̀ ní 2004.

Ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀ sí fífi owó ránṣẹ́ lásán. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní Wakefield mú ìyá kan ní Alexandra ní ọ̀rẹ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n ń fi àwòrán ọmọ-ọmọ ránṣẹ́. Èyí tó wà ní Kánádà mọ orúkọ èyí tó wà ní South Africa, ó mọ iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ èyí tó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ nínú wọn. Wọ́n ta àkàrà òyìnbó, wọ́n ṣe oríṣiríṣi ètò láti kówó jọ. Ìròyìn wọn tàn ká, àwọn obìnrin ní ìlú mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bí àwọn náà ṣe lè dá tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ya fíìmù nípa wọn, tí wọ́n pè ní The Great Granny Revolution.

Ìpàdé Toronto

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta 2006, tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Àyájọ́ Àwọn Obìnrin Lágbàáyé, ni Stephen Lewis Foundation ṣí ètò Grandmothers to Grandmothers. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹjọ, Toronto gba ìpàdé àgbáyé kẹrìndínlógún lórí éèdì lálejò. Àjọ náà lo àǹfààní yìí. Kí ìpàdé àgbáyé náà tó ṣí, wọ́n kó ìyá àgbà 100 láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 11 àti ìyá àgbà 200 láti Kánádà jọ sójú kan, wọ́n sì jọ wà pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ tó ń dáwó fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò. Àwọn ìyá Kánádà wá pẹ̀lú ọkàn láti ṣàánú. Àwọn ìyá Áfíríkà jókòó tì wọ́n, wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì fi yé wọn pé àwọn kò wá tọrọ bárà. Wọ́n ní alábàáṣepọ̀ ni àwọn ń wá, ẹni tí yóò dúró ti àwọn. Wọ́n sọ ohun tí àwọn nílò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ, ilé tí òjò kò ní máa bá wọn sùn, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, owó díẹ̀ tí wọn yóò fi ṣòwò, oògùn, àti ẹni tí yóò bá àwọn àti àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀fọ̀ tó wà lọ́kàn wọn. Nígbà tí ìpàdé parí, wọ́n gbé ìwé àjọsọ kan jáde. Nínú rẹ̀, àwọn ìyá Kánádà ṣèlérí pé àwọn kò ní sinmi títí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Áfíríkà yóò fi rí ìsinmi.

Bí àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe ń kówó jọ

Ọ̀rọ̀ yẹn kò pin sí Toronto. Àwọn ìyá padà sílé, wọ́n pe ìpàdé ní pálọ̀ wọn, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìkàwé àdúgbò. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ tó lé ní 200 ti wà káàkiri Kánádà, iye wọn sì dé bíi 240 nígbà tí ètò náà gbilẹ̀ jù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Àwọn ti Vancouver pe ara wọn ní Greater Van Gogos, nítorí pé gogo ni àwọn ará ìsàlẹ̀ gúúsù Áfíríkà ń pe ìyá àgbà. Àwọn kan ní Ottawa ń jẹ́ One World Grannies. Kò pọn dandan kí ènìyàn ti ní ọmọ-ọmọ kó tó wọ ẹgbẹ́.

Ẹni tó bá mọ ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin nílẹ̀ wa yóò mọ bí tiwọn ṣe ń lọ. Alága wà, akọ̀wé wà, akápò wà, oúnjẹ díẹ̀ náà sì wà. Olú ilé-iṣẹ́ kò bu iye kan lé ẹgbẹ́ kankan lórí. Ohun tí ọwọ́ wọn bá tó ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń rán àpò àti aṣọ láti ara ankara, wọ́n ń tà á. Wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀ kazuri tí àwọn obìnrin Kenya fi amọ̀ ṣe. Wọ́n ń ṣe ìdíje Scrabble, wọ́n ń pe olórin, wọ́n ń se oúnjẹ alẹ́ tí àlejò á sanwó wọlé jẹ. Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn nínú ètò tí wọ́n pè ní Stride to Turn the Tide, tí ẹbí àti ará àdúgbò á fi owó ti ẹni tó ń rìn lẹ́yìn.

Ọ̀nà kan wà tí mo rò pé àwọn ìyá wa yóò fẹ́ràn gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń sọ fún gbogbo obìnrin àdúgbò pé kí wọ́n tú àpótí wò, kí wọ́n kó aṣọ tí wọ́n ti rà sílé láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọn kò tíì rán wá. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n á tà á ní ẹ̀dínwó. Aṣọ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní nínú àpótí á wá di owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òrukàn.

Àwọn ti Victoria, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Kánádà, yan kẹ̀kẹ́ gígùn. Láti 2007, ní oṣù kẹsàn-án, àwọn obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún 55 sókè ń gun kẹ̀kẹ́ láti Campbell River dé Victoria, ìrìn kìlómítà 275, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún wà lára wọn. Nígbà tí ènìyàn bá rí ìyá àgbà lórí kẹ̀kẹ́ lójú títì márosẹ̀, yóò béèrè ohun tó fà á. Ìbéèrè yẹn ni wọ́n sì ń fẹ́, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ló ń mú kí àpò ṣí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀, tó fi lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là ti Kánádà. Kò sí olówó ńlá kan tó yọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó àpò rírán ni, owó oúnjẹ alẹ́ ni, owó ẹsẹ̀ rírìn ni. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ti wà ní Australia, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí owó náà ń lọ

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi hàn wá. Ní Swaziland, tí wọ́n ń pè ní Eswatini báyìí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Siphiwe Hlophe. Ní 1999, ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lọ fi ara pamọ́. Ní 2001, òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ní kòkòrò náà lára dá ẹgbẹ́ Swaziland Positive Living sílẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí SWAPOL. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ oko, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn nílé, wọ́n ń ran ọmọ òrukàn àti ìyá àgbà lọ́wọ́. Irú ẹgbẹ́ yìí ni owó àwọn ìyá Kánádà ń wá lọ.

Èkejì wà ní Ùgáńdà, ó sì kan àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun tààrà. Twesigye Jackson Kaguri jẹ́ ọmọ abúlé Nyakagyezi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà, Amẹ́ríkà ló sì ń gbé. Éèdì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó tún pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ní 2001, nígbà tó délé, àwọn ìyá àgbà abúlé tò wá bá a pẹ̀lú ọmọ-ọmọ tí wọn kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn san. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti tọ́jú dọ́là 5,000 láti fi ra ilé ní Amẹ́ríkà. Owó yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Nyaka fún àwọn ọmọ òrukàn, tí ọmọ kì í sanwó níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọmọ tó kúrò nílé-ẹ̀kọ́ tó padà sínú ahéré tó ń jò kò tíì rí ìrànlọ́wọ́ tó péye. Wọ́n wá dá ètò ìyá àgbà sílẹ̀, Stephen Lewis Foundation sì kín wọn lẹ́yìn. Iye àwọn ìyá tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 7,000. Àwọn fúnra wọn ló ń pín ara wọn sí ẹgbẹ́, àwọn ló ń dìbò yan olórí, àwọn ló sì ń pinnu ẹni tí a óò kọ́ ilé fún àti ẹni tí a óò yá lówó. Nítorí wọ́n mọ ara wọn, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni purọ́ òṣì fún wọn.

Nígbà tí owó nìkan kò tó

Àwọn ìyá Kánádà tún rí i pé bí oògùn bá ṣì wọ́n, apẹ̀rẹ̀ ni àwọn fi ń pọn omi. Ní 2004 ni Kánádà ti ṣe òfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ lè ṣe oògùn olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ. Ìlànà tó wà nínú òfin náà díjú débi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí i lò, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apotex fi oògùn HIV ránṣẹ́ sí Rwanda ní 2008. Àwọn ìyá yìí gba iṣẹ́ ìpolongo mọ́ra lábẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Grandmothers Advocacy Network. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin ní ọ́fíìsì wọn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2011, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà pẹ̀lú ìbò 172 sí 111. Ilé ìgbìmọ̀ àgbà kò tíì ṣe é parí tí wọ́n fi kéde ìdìbò tuntun, gbogbo rẹ̀ sì dòfo. Wọ́n tún gbé òmíràn dìde. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2012, ìbò 148 sí 141 ni wọ́n fi dà á nù. Ìbò méje péré. Àwọn ìyá náà kò tú ká. Wọ́n ṣì ń bá ìpolongo lọ lórí oògùn àti ẹ̀tọ́ ìyá àgbà.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn tí wọ́n ń dáwó fún di olóhùn fúnra wọn. Ní oṣù karùn-ún 2010, ìyá àgbà tó lé ní 500 péjọ ní Manzini, Swaziland. SWAPOL ló gbà wọ́n lálejò. Wọ́n béèrè owó ìfẹ̀yìntì fún àgbàlagbà, ààbò lórí ilẹ̀ àti ogún, àti òpin sí ìwà ipá tí wọ́n ń hù sí àwọn obìnrin àgbà. Ní oṣù keje 2016, nígbà tí ìpàdé àgbáyé lórí éèdì wáyé ní Durban, bíi ìyá àgbà 2,000 ló rìn ní ìgboro, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, 100 ni wọ́n lọ sí Toronto.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ìyá tó jẹ́ ẹni 65 ọdún nígbà ìpàdé Toronto ti di ẹni 85 ọdún ní 2026. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti tú ká nítorí ọjọ́ orí, ikú sì ti mú àwọn kan lọ. Àrùn Kòrónà ní 2020 fagi lé ìpàdé ojúkojú, wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ nǹkan lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò dúró.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé

Nàìjíríà ti rìn jìnnà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000 ní ibùdó 25, aláìsàn sì ń san náírà 1,000 lóṣù. Ní 2006 ló di ọ̀fẹ́. Owó PEPFAR, ètò ìrànlọ́wọ́ lórí éèdì tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2003, àti owó Global Fund ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní 2018 fi hàn pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ló ní kòkòrò náà lára, àpapọ̀ àwọn tó ní in sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù 1.9. Oògùn ti sọ ọ́ di àìsàn tí ènìyàn lè bá gbé títí dọjọ́ ogbó. Ẹni tó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀.

Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Àìbalẹ̀ ọkàn bá àwọn tó gbára lé oògùn yìí. Ní oṣù kejì, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí náírà bílíọ̀nù 4.8 láti ra ìdì oògùn HIV 150,000. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2022, wọ́n ti ṣí owó àkànlò HIV kan tí wọ́n fẹ́ kó tó náírà bílíọ̀nù 62, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìpinnu Amẹ́ríkà yẹn kọ́ wa ni pé owó olówó lè dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kan, láìfi tó ẹni tó gbára lé e létí.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí oògùn ọ̀fẹ́ kì í ṣe. Kì í san owó ọkọ̀ tí aláìsàn fi ń dé ilé ìwòsàn. Kì í fi oúnjẹ sínú ikùn ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òrukàn, kì í sì pa ahọ́n ẹlẹ́yà mọ́ ẹnu. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni àwọn ìyá Kánádà ń dáwó fún, gbogbo rẹ̀ ló sì wà ní ìkáwọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé nílé lóko, ní Ìlọrin, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Nínú owó tí ẹ bá kó jọ lọ́dún yìí, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí HIV kàn ní ìlú wa àti ní agbègbè Ọ̀yun: fún owó ọkọ̀ wọn, fún oúnjẹ, fún ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, fún ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Ẹ má pè wọ́n síta láti fún wọn lówó lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ má sì kọ orúkọ wọn sára pátákó. Òfin 2014 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní HIV ti sọ pé ọ̀rọ̀ ara wọn jẹ́ àṣírí. Ẹ fi owó náà sábẹ́ àkóso àwọn obìnrin tí ẹ fọkàn tán àti àwọn nọ́ọ̀sì, kí àwọn tó ní kòkòrò náà lára sì ní ohùn nínú bí a óò ṣe ná an. Ẹ máa ka ìṣirò rẹ̀ ní gbangba lọ́dọọdún, kí gbogbo ẹni tó dáwó lè mọ ohun tí owó òun ṣe.

Àwọn ìyá tí kò mọ wá rí ti fi aṣọ inú àpótí àti kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe èyí fún ọmọ Áfíríkà fún ogún ọdún. Tiwa kò gbọdọ̀ ṣòro fún wa láti ṣe. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ yan akápò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀.